Ẹ̀bẹ̀ kò pa ẹ̀tọ́: owó gbà-má-bínú fún ẹni tí ọ̀kadà ṣe léṣe ní Òṣogbo

Bí ọ̀kadà bá gbá èèyàn ní Òṣogbo lónìí, tó bá fi máa di ọ̀la, àwọn àlejò kan á ti dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní ọsibítù. Ọlọ́kadà náà á wà láàrin wọn, á dorí kodò. Ìyá rẹ̀ á wà níbẹ̀, tàbí ìyàwó rẹ̀ tó pọn ọmọ sẹ́yìn. Alága páàkì wọn á tẹ̀ lé wọn, pẹ̀lú bàbá àgbàlagbà kan láti agbo ilé wọn tó jẹ́ pé òun ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọsàn á wà nínú ọ̀rá, búrẹ́dì á wà níbẹ̀, agolo Milo pẹ̀lú. Obìnrin á kúnlẹ̀, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ dákun, ẹ̀yin ẹbí wa, iṣẹ́ èṣù ni. Ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe é. Ọmọ yín náà ni." Ẹni tó farapa ò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa dáhùn: "Ẹ dìde, ó ti tán. Ọlọ́run ló kó wa yọ." Ibẹ̀ ni ẹnì kan á ti yọ ìwé láti inú àpò: "Ẹ kàn bá wa fọwọ́ sí i, kí wọ́n lè yọ̀ǹda ọ̀kadà náà ní tèṣàn."

Ìwé yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Ó lè jẹ́ ojú ewé kan tí wọ́n ya nínú ìwé àjákọ, ó sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í yàtọ̀ púpọ̀: pé èmi Lágbájá ti gba ₦30,000 fún ìtọ́jú, pé ọ̀rọ̀ ti parí pátápátá, pé n kò ní ìbéèrè kankan mọ́ lọ́wọ́ ọlọ́kadà tàbí ẹni tó ni ọ̀kadà. Ọjọ́ kejì ni wọ́n mú un dé. Ní ọjọ́ kejì, dókítà gan-an kò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí. Ibi tó wú lè bo iṣan tó ja mọ́lẹ̀. Eegun tí wọ́n rò pé ó sán lásán lè kọ̀ láti so pọ̀ títí oṣù mẹ́fà, kó di ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ àti irin. Ojú egbò tó kàn eegun lè kẹ̀. Ẹni tó bá ti fọwọ́ sí ìwé yẹn ti ta gbogbo èyí ní ₦30,000, kò sì tíì mọ ohun tó tà.

Mi ò bá ẹ̀bẹ̀ jà. Ìwà ọmọlúwàbí ni kí èèyàn wá bẹ ẹni tó ṣe léṣe, ẹni tí kò bá tiẹ̀ yọjú ló yẹ ká bínú sí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ orúkọ tí èdè wa sọ owó yìí: gbà-má-bínú. Ẹni tó ń sanwó ló ń bẹ̀bẹ̀ nínú orúkọ yẹn. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ àti owó jọ ń rìn ni. "Má bínú" tí kò ní "gbà" nínú, fún ẹni tí eegun rẹ̀ ṣẹ́, kò tíì pé.

Ojú ọ̀nà méjì ni òfin pín ọ̀rọ̀ yìí sí, àìmọ̀ èyí ló sì ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìkà ni àwọn bí àwọn bá béèrè owó. Ìjọba ló ni ẹjọ́ ìwakùwà: ọlọ́pàá ló ń gbé e lọ sí kóòtù, ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n ló wà níbẹ̀, bí ọlọ́kadà bá sì san owó ìtanràn, àpò ìjọba ló ń lọ. Ẹni tó farapa ló ni ẹjọ́ gbà-má-bínú. Ẹ lè dárí ji ọmọkùnrin náà tọkàntọkàn, kí ẹ sọ ní tèṣàn pé ẹ kò fẹ́ kó sun àtìmọ́lé, kí ẹ sì tún gba ẹ̀tọ́ yín lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tó ti gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí irú ọjọ́ báyìí. Ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ojú títì, nítorí ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀mí ló ṣáájú. Nọ́ńbà Road Safety ni 122, ti pàjáwìrì gbogbogbòò ni 112. Bí orí tàbí ọrùn bá wà nínú ohun tó ṣe ẹni náà, ẹ má gbé e sáàrin èèyàn méjì lórí ọ̀kadà mìíràn lọ sí ọsibítù. Ẹ wá ohun tí yóò lè sùn gbalaja sí. Bí ẹ bá dé ọsibítù, yálà ti ìjọba ní Asúbíàró, tàbí ti Yunifásítì Ọ̀ṣun, tàbí ti aládàáni, Òfin Ìlera ti ọdún 2014, ẹsẹ 20, sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún aláìsàn nítorí ohunkóhun. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san ₦100,000, tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí kó gba méjèèjì. Àìsí owó lọ́wọ́ tàbí àìsí ìwé ọlọ́pàá kì í ṣe ìdí. Ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ fún ẹni tó bá ní kí ẹ lọ mú owó wá ná.

Nígbà tí wọ́n bá ti gbé ẹni náà lọ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró sẹ́yìn pẹ̀lú fóònù. Iṣẹ́ ẹni yẹn ṣe pàtàkì, nítorí láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá àwọn ọlọ́kadà yòókù á ti gbé ọ̀kadà náà dìde, wọn á ti wọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ títì, gbogbo ohun tí ilẹ̀ ń sọ á ti parẹ́. Kó kọ́kọ́ ya nọ́ńbà ọ̀kadà. Kó ya ibi tó ṣubú sí kí wọ́n tó gbé e. Kó ya ojú ibi tí táyà ti fà, kó gbé bàtà tàbí ike omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹni tó bá wo fọ́tò lè mọ bó ṣe gùn tó. Kó fà sẹ́yìn, kó ya gbogbo oríta náà, kó lè hàn pé Ìta Olókan ni tàbí abẹ́ afárá Ọláìyá, ìhà wo ni ọ̀kadà ti ń bọ̀, ṣé ó ń gba ojú ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn náà kó súnmọ́ ọ̀kadà fúnra rẹ̀: táyà tó ti jẹ dán, ṣéènì tó ti rọ̀, iná iwájú tí kò sí gílóòbù nínú rẹ̀, ibi tí díńgí yẹ kó wà tí kò sí. Bíréèkì ẹ̀yìn ọ̀kadà ní apá kékeré kan tí wọ́n ń yí nọ́ọ̀tì rẹ̀ bí bíréèkì ṣúù bá ti ń jẹ. Bí nọ́ọ̀tì yẹn bá ti dé òpin ibi tí wọ́n lè yí i dé, ṣúù ti tán, ó sì ti pẹ́ tó ti tán. Ẹ ya ibẹ̀ dáadáa. Ohun tí ọlọ́kadà máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé "bíréèkì ló já," bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà dá a láre. Kò dá a láre. Ẹni tó ń gbé èèyàn kiri ló yẹ kó mọ̀ pé bíréèkì òun ti tán, fọ́tò nọ́ọ̀tì yẹn ló sì máa bi í léèrè ìgbà tó yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn.

Ẹ fi fọ́tò náà sílẹ̀ lórí fóònù tó yà á. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó ń fún fọ́tò náà pọ̀, ó sì ń yọ ọjọ́ àti aago tó wà nínú rẹ̀ kúrò. Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011, ẹsẹ 84, ń béèrè ìwé ìjẹ́rìísí fún ohun tó bá ti inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà jáde: irú ẹ̀rọ wo ni, ta ló ń lò ó, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ya fọ́tò ló rọrùn jù fún láti kọ ìwé yẹn, nítorí náà ẹ mọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tí ẹ ti lè rí i.

Ní ti ẹlẹ́rìí, ẹ má lọ gba nọ́ńbà gbogbo èrò tó pé lé yín lórí. Ẹni tó ń kọjá lọ Ìkìrun kò ní padà wá sí kóòtù. Ẹni tí ẹ máa tún bá níbẹ̀ lóṣù mẹ́fà sí i ni kí ẹ wá: fọgánáísà tó jókòó sí oríta, ìyá tó ń ṣe POS lábẹ́ agbòjò, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì. Èèyàn méjì irú wọn tó. Bí ilé epo tàbí bánkì bá wà nítòsí tó ní kámẹ́rà, ẹ kọ lẹ́tà sí máníjà lọ́jọ́ kejì pé kó bá yín tọ́jú àwòrán aago báyìí sí aago báyìí, nítorí kámẹ́rà ń kọ tuntun sórí ti àtijọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

Àgọ́ ọlọ́pàá tó ni àdúgbò ibi tó ti ṣẹlẹ̀ ni ẹ máa lọ. Kí ẹ lọ lọ́jọ́ kan náà, kódà bí ó bá jẹ́ àbúrò ẹni tó farapa ló máa lọ. Ohun mẹ́rin ni kí ẹ rí i dájú pé ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tèṣàn, kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́kadà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ọlọ́pàá tó ń wádìí lọ ya àwòrán ojú ibẹ̀, kí wọ́n sì mú ọ̀kadà lọ fún VIO, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, láti yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n ń fò jù. Ìdí tí ìwé "ẹ fọwọ́ sí i" fi ń yá ni pé, bí wọ́n bá ti yọ̀ǹda ọ̀kadà ní ọjọ́ kejì, ó ti dọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní ọjọ́ kẹta nìyẹn. Ṣúù tuntun ti wọ̀ ọ́, táyà tuntun ti wọ̀ ọ́, VIO kò ní ohunkóhun láti rí mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ṣàánú ọlọ́kadà kó lè padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí VIO kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀. Kò ju iṣẹ́ wákàtí mélòó kan lọ.

Ọlọ́pàá kò ní agbára láti dá iye gbà-má-bínú. Bí ẹnì kan bá jókòó sí tèṣàn tó ní "ẹ gba ₦50,000, ẹ lọ," àmọ̀ràn ni, kì í ṣe ìdájọ́. Ohun tí ẹ nílò lọ́wọ́ wọn ni ìwé àbájáde ìwádìí. Kí ẹ sì gba èyí tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù, tí wọ́n kọ orúkọ àti ipò ẹni tó fọwọ́ sí i àti ọjọ́ sí, pé ẹ̀dà òtítọ́ ni. Ìwé ọlọ́pàá jẹ́ ìwé ìjọba, fọ́tòkọ́pì rẹ̀ lásán kò wọlé ní kóòtù.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbi ìtọ́jú, nítorí níbẹ̀ ni àṣà wa àti ohun tí kóòtù ń béèrè ti ń kọ ara wọn lẹ́yìn.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí eegun rẹ̀ bá ṣẹ́ nílẹ̀ Ọ̀ṣun kì í parí ìtọ́jú ní ọsibítù. Láàrin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ẹbí á ti ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń to eegun. Ọsibítù á mú ìwé kan wá fún wọn pé àwọn fúnra wọn ló ní àwọn ń lọ, wọn á fọwọ́ sí i. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ibi tó fẹ́ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, àfi kí n sọ pé eegun tó bá ya awọ jáde, tàbí ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó bá ń dúdú tàbí tí kò mọ nǹkan lára mọ́, ọsibítù ni kó wà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ìwé tí ẹ fọwọ́ sí yẹn máa ṣe fún ẹjọ́. Lọ́yà ẹnìkejì á gbé e sókè, á ní: ẹsẹ̀ yìí ì bá ti jinná ká ní ó dúró, ìkúrò rẹ̀ ló sọ ọ́ di arọ, kì í ṣe ọ̀kadà. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì á sọ bẹ́ẹ̀ náà.

Bí ẹ bá pinnu pé ẹ̀ ń lọ, ẹ gba ìwé ìjẹ́rìí dókítà kí ẹ tó lọ: orúkọ eegun tó ṣẹ́, apá ọ̀tún tàbí òsì, ọjọ́ tí wọ́n gbà yín wọlé, ohun tí wọ́n ṣe, ohun tí wọ́n ní ó yẹ kí wọ́n ṣe sí i, orúkọ dókítà àti ìfọwọ́sí rẹ̀. Ẹ gba fíìmù ẹ́síréè pẹ̀lú, ẹ má fi sílẹ̀ fún wọn. Lọ́dọ̀ bàbá tó ń to eegun, ẹ ra ìwé rìsíìtì, kí ọmọ rẹ̀ tó mọ̀wé máa kọ gbogbo owó tí ẹ bá san síbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, kí bàbá tẹ ìka. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ẹ padà lọ ya ẹ́síréè mìíràn ní ọsibítù, kó lè hàn bí eegun ṣe ń so. Dókítà tó tọ́jú yín lè ti kúrò ní Òṣogbo kí ẹjọ́ tó dé iwájú adájọ́. Ìwé tó kọ nígbà tó ṣì rántí yín ló máa sọ̀rọ̀ ju tirẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì lọ.

Ní ti iye owó, kóòtù pín in sí méjì. Àkọ́kọ́ ni àdánù tí a lè kà: oògùn, ẹ́síréè, POP, owó ọkọ̀ lọ sí ọsibítù, owó iṣẹ́ tó bọ́. Eyọ náírà kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ni ẹ máa kọ sílẹ̀ nínú ìwé ẹjọ́, tí ẹ sì máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Adájọ́ kò ní bá yín fojú díwọ̀n rẹ̀. Èkejì ni ti ìrora, àpá, ẹsẹ̀ tí kò lè rìn bíi ti tẹ́lẹ̀, ọmọ tí kò lè gbé mọ́. Èyí kò ní rìsíìtì. Adájọ́ ló ń díwọ̀n rẹ̀ láti inú ìwé dókítà àti ohun tó bá fojú rí.

Ẹ jẹ́ ká fi aránṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà láti Ọjà Ọba lọ sí Òkè-Baálẹ̀, ọ̀kadà já wọ iwájú mọ́tò, eegun ojúgun rẹ̀ ṣẹ́. Ká sọ pé ó ń rí ₦18,000 lọ́sẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti yọ owó òwú àti epo jẹnẹrétọ̀. Ọ̀sẹ̀ 14 ló fi jókòó sílé. ₦252,000 nìyẹn. Báwo ló ṣe máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nígbà tí kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni? Ìwé ìdíwọ̀n rẹ̀ ni. Ìwé gígùn yẹn tó fi ń kọ àyà, ìbàdí, gígùn apá, tó ń lẹ àfọ́kù aṣọ mọ́, tó ń kọ orúkọ oníbàárà, iye tó bá a gé, iye tó ti san sílẹ̀, àti ọjọ́ tó máa wá mú un. Ẹ ṣí i sí oṣù tó ṣáájú ìjàǹbá, ojú ewé kún fọ́fọ́. Ẹ ṣí i sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ojú ewé funfun. Ẹ fi àkọsílẹ̀ owó tó wọ báńkì tàbí OPay rẹ̀ tì í, kí oníbàárà kan jẹ́rìí pé òun gba aṣọ òun padà láìrán. Ìwé yẹn lágbára ju kí ó dúró síwájú adájọ́ kó ní òun ń pa owó dáadáa lọ. Fọ́tò rẹ̀ ni kó yà, kó má fi ojúlówó sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, títí tí yóò fi gbé e wá sí kóòtù fúnra rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé kò wọ àṣíborí, tàbí pé ẹni méjì ni wọ́n jókòó sẹ́yìn ọlọ́kadà, adájọ́ lè sọ pé òun náà ní ìpín nínú ohun tó ṣẹlẹ̀, kó dín iye náà kù. Dídín kù ni o, kì í ṣe pé ẹjọ́ kú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pa ẹnu mọ́ nítorí èyí, nígbà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni eegun ti ṣẹ́, àṣíborí kò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ẹsẹ̀.

Ta wá ni ẹ máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Ìbéèrè yìí tóbi ju iye owó lọ. Ẹni tó bá jàre ₦2,000,000 lórí ọmọkùnrin tí kò ní ju aṣọ ọrùn rẹ̀ lọ, ìwé ìdájọ́ ló gbà, kì í ṣe owó.

Ìnṣọ́ránsì ló yẹ kó kọ́kọ́ wá sọ́kàn. Dandan ni fún gbogbo ọkọ̀ tó ń rìn lójú títì ní Nàìjíríà láti ní èyí tí wọ́n ń pè ní third party, ìyẹn èyí tó ń sanwó fún ẹlòmíràn tí ọkọ̀ náà bá ṣe léṣe, ọ̀kadà náà wà níbẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, ₦3,000 lọ́dún ni ti ọ̀kadà, ₦5,000 ni ti kẹ̀kẹ́ Márúwá, ₦15,000 ni ti mọ́tò aládàáni. Ní oṣù kejì ọdún 2025 àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò káàkiri orílẹ̀-èdè, Ààrẹ Tinubu sì fọwọ́ sí òfin ìnṣọ́ránsì tuntun lọ́dún yẹn kan náà. Gbèdéke ₦1,000,000 tí ẹ ń gbọ́ nípa ti ọ̀kadà, ti dúkìá tó bá bàjẹ́ ni, kì í ṣe ti ara èèyàn. Bí ẹ bá ti ní nọ́ńbà ọ̀kadà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí askniid.org, ó máa sọ bóyá ìnṣọ́ránsì rẹ̀ jẹ́ ojúlówó àti ilé-iṣẹ́ wo ló ni ín. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìwé tí wọ́n bá fi hàn yín, nítorí ayédèrú pọ̀ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà ni ẹ ò ní rí nǹkan kan fún. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ ti ọkọ̀ kejì náà wò: bí mọ́tò bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, tí ẹ̀bi rẹ̀ sì wà níbẹ̀, ìnṣọ́ránsì mọ́tò lè wà láàyè nígbà tí ti ọ̀kadà ti kú.

Lẹ́tà ni kí ẹ kọ sí ilé-iṣẹ́ náà, ẹ má fi ẹnu sọ ọ́. Ọjọ́, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà ọkọ̀, ohun tó ṣe yín, pé ẹ máa fi ìwé ọlọ́pàá, ìwé dókítà àti rìsíìtì ránṣẹ́. Kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín pé àwọn gbà á. Bí ó bá máa di ẹjọ́, ó yẹ kí lọ́yà fi tó wọn létí ní kíkọ kó tó gbé e lọ sí kóòtù. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n lè sọ lẹ́yìn ìdájọ́ pé àwọn ò gbọ́ sí i. Bí wọ́n bá ń fi ọ̀rọ̀ yín falẹ̀ láìsí ìdí, NAICOM tó ń ṣàkóso wọn ní ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn.

Lẹ́yìn ìnṣọ́ránsì, ẹni tó ni ọ̀kadà. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà kì í ṣe òun ló ni ín. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń lò ó ṣe pàtàkì. Bí ó bá ń wà á fún olówó rẹ̀, tó ń jíṣẹ́ iye kan fún un lójoojúmọ́, tí olówó sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nígbàkúgbà, iṣẹ́ olówó ló ń ṣe, olówó lè dáhùn fún ohun tó bá fi ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló ń san owó rẹ̀ kó lè di tirẹ̀, olówó á ní òun ti tà á fún un ni. Ìwé àdéhùn wọn ló máa sọ. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́kadà ní ọjọ́ àkọ́kọ́ fi wúlò: lọ́jọ́ yẹn, kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ọ, á sọ fún ọlọ́pàá pé "ọ̀gá mi ló ni ín, mò ń jíṣẹ́ fún un ní alaalẹ́."

Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, bíi àwọn tó ń fi ọ̀kadà gbé ẹrù fún ilé-iṣẹ́ kiri, tàbí ẹni tó ń ti ilé lọ síbi iṣẹ́ tààrà, ní ọ̀nà mìíràn tí kò béèrè ẹlẹ́bi rárá. Òfin Employees' Compensation ọdún 2010 ló dá a sílẹ̀, NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó wà fún un, ló ń san án, láti inú ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tí agbanisíṣẹ́ ń dá. Ẹni tó farapa ní ọjọ́ 14 láti sọ fún ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti sọ fún NSITF, ìbéèrè owó gbọ́dọ̀ wọlé láàrin ọdún kan. Ọjọ́ 14 yẹn ń kọjá lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù láìsí ẹni tó rántí. Kí ẹnì kan nínú ilé kọ lẹ́tà náà.

Bí ó bá jẹ́ mọ́tò ìjọba tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló gbá yín, ẹ sáré. Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba fún yín ní oṣù mẹ́ta péré láti pe ẹjọ́. Àwọn ẹjọ́ yòókù náà ní òpin ọjọ́ tiwọn, kí ẹ bi lọ́yà lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ rí i.

Lọ́yà kì í ṣe ti olówó nìkan. Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń wá lọ́yà fún aláìní, máa ń gba ẹjọ́ ìjàǹbá fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè lọ, ₦70,000 láti ọdún 2024. Òfin tó dá wọn sílẹ̀, ti ọdún 2011, dárúkọ ìjàǹbá ní tààrà. Lọ́yà aládàáni náà lè gbà láti mú ìdá kan nínú ohun tí ẹ bá rí gbà, òfin iṣẹ́ wọn kò lòdì sí i nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, bí ìdá náà bá ti mọ níwọ̀n. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ìdá mélòó, ta ló ń san owó ìwé kóòtù, ṣé kí a tó yọ ìnáwó ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́tà ìbéèrè ni lọ́yà máa kọ́kọ́ kọ, á fún wọn ní ọjọ́ mélòó kan. Bí ìwé bá pé lọ́wọ́ yín, ìdúnàádúrà ti lè parí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, nítorí lọ́yà ẹnìkejì náà mọ ìwé tó pé bó bá rí i. Bí kò bá parí, gbogbo ìwé àti ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí tí wọ́n búra sí ni wọ́n máa kó wọlé pọ̀ pẹ̀lú ìwé ìpẹ̀jọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Gíga, kì í ṣe pé ẹ máa máa wá wọn kiri bí ẹjọ́ bá ti ń lọ.

Padà sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn àlejò ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, owó sì wà lọ́wọ́ wọn, ẹ sì nílò rẹ̀ fún oògùn. Ẹ gbà á. Ẹ dá wọn lóhùn bí ó ti yẹ, ẹ ní kí bàbá dìde. Ìwé wọn ni kí ẹ dá padà, kí ẹ sì kọ tiyín, kí ẹni méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí kan láti ìhà kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i pẹ̀lú, kí ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ ní tèṣàn:

"Lónìí, ọjọ́ báyìí, èmi Lágbájá gba ₦30,000 lọ́wọ́ Làkáṣègbè, ẹni tó wa ọ̀kadà onínọ́ńbà báyìí tó gbá mi ní oríta báyìí ní ọjọ́ báyìí. Apá kan lára owó ìtọ́jú mi ni. Ìtọ́jú ṣì ń lọ lọ́wọ́, n kò sì tíì mọ iye tí yóò jẹ́. Gbígbà tí mo gba owó yìí kò parí ẹ̀tọ́ mi lọ́wọ́ rẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tó ni ọ̀kadà, tàbí lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì. N kò lòdì sí kí wọ́n yọ̀ǹda ọ̀kadà náà lẹ́yìn tí VIO bá ti yẹ̀ ẹ́ wò."